Ohun Tí Mo Rí Lọ́dẹ̀dẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì níṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ládùúgbò. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́. Wọ́n ti gbàwé ẹ̀rí, wọ́n ti lo ọdún bíi mélòó kan ní wọ́ọ̀dù, wọ́n mọ abẹ́rẹ́ gún, wọ́n mọ egbò wẹ̀. Ohun tí wọn kò tíì mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń wọ ilé onílé lọ tọ́jú aláìsàn. Ní ọsibítù, aláìsàn ló wá bá ọ. Ìwọ lo ni bẹ́ẹ̀dì, ìwọ lo ni omi àti iná, tó o bá ní kí àwọn ará ilé bọ́ síta, wọ́n á bọ́ síta. Nínú agboolé, ìwọ ni àlejò. Ibi tí wọ́n bá ní kó o jókòó sí lo máa jókòó, ohun tí wọ́n bá fi pa mọ́ fún ọ, àfi kó o fojú ara rẹ wá a.

Ìsàlẹ̀ Òsì, Bẹyẹrúnkà àti ẹ̀yìn Ọjà'ba ni mo máa ń kó wọn lọ. A máa ń gba àárín ilé bọ́ sí àárín ilé, báàgì léjìká, a ó máa kí àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ó máa fara ti ògiri fún ọ̀kadà láti kọjá. Agboolé kan ni mò ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni á fi máa lọ síbẹ̀, á tọ́jú aláìsàn tó bá wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà á kọ ìjábọ̀ lórí ilé náà àti gbogbo ohun tó lè fa àìsàn níbẹ̀.

Mo ní àṣà kan nígbà náà. Tá a bá wà nínú ilé, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa wo ibi gbogbo. Ó di ìgbà tá a bá jáde kí n tó bi akẹ́kọ̀ọ́ mi pé, "Kí lo rí?" Á sọ tirẹ̀, èmi náà á sì wá sọ èyí tí kò rí. Bí ọ̀gá tó kọ́ èmi náà ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo fẹ́ràn ọ̀nà náà. Ká má parọ́, mo fẹ́ràn bí ojú wọn ṣe máa ń rí nígbà tí mo bá dárúkọ ohun tó wà níwájú wọn tí wọn kò kíyè sí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Obìnrin kan wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá lọ́dún náà, kò tíì ju ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ, ó ti lo ọdún mẹ́jọ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó ní ọmọbìnrin kan tó ṣì ń mu ọmú. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí aláìsàn bá kérora báyìí, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí àwọn yòókù tó gbórí sókè. Èmi ni mo máa ń bá a wí pé kó máa kọ́kọ́ dúró wòye. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á ní, "Mo ti gbọ́, mà," tó bá sì di ìgbà mìíràn, ohun kan náà ni yóò tún ṣe.

Ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni mo fún un. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni, wọ́n rẹ́ símẹ́ǹtì sí i lára, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Ìyá àgbàlagbà kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló wà níbẹ̀, egbò kan ti wà lẹ́sẹ̀ wọn láti bí oṣù mẹ́rin. Ọmọ wọn ọkùnrin ló ń tọ́jú wọn. Aránfìlà ni, iwájú ilé ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀ ń ta gàrí, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀ kan la kọ́kọ́ lọ. Aránfìlà dìde fún wa, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó mú wa wọlé. Ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún wa kí a tó jókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kúnlẹ̀ kí wọn, ó fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tú egbò. Inú mi dùn sí bó ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ṣé ó ń dùn yín níbí?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ti fọwọ́ kàn án."

"Ohun tí ò jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, Ìyá. Mo fẹ́ kó máa dùn yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà tó já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo yí ojú wo ibẹ̀. Ó ṣókùnkùn díẹ̀. Wọ́n tẹ́ nylon sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri dé òpin rẹ̀, wọ́n sá gàrí sórí rẹ̀ kó lè gbẹ dáadáa. Ìyàwó aránfìlà jókòó sórí àpótí létí gàrí náà, ó fọwọ́ ti iwájú orí.

Ìgbẹ́ eku ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà létí nylon, dúdú, wẹ́wẹ́, àwọn kan sì wà lórí gàrí gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo rí ihò nídìí ògiri. Bí mo ṣe ń wò ó, eku kan yọ jáde. Kì í ṣe eku ńlá. Ó rìn gba etí gàrí náà kọjá lójú èmi àti obìnrin náà lọ́sàn-án gangan. Kò tiẹ̀ yára. Obìnrin náà kò lé e.

Mo kí i. Mo ní, "Ìyàwó wa, ara ò yá ni?"

"Orí ló ń fọ́ mi, mà. Ara mi sì ń gbóná díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta rèé."

"Kí lo ti lò sí i?"

"Wọ́n ti fún mi lóògùn ibà ní kẹ́míìsì."

"Tí kò bá lọ títí ọ̀túnla, lọ sí ibùdó ìlera kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣé."

Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò sọ̀rọ̀ eku. N kò sọ pé kí wọ́n kó gàrí yẹn dànù. Ìwé kan wà lára ògiri ọ́fíìsì wa nígbà náà, wọ́n fi kìlọ̀ fún wa nípa ibà Lásà tí eku máa ń kó ranni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àràárọ̀ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ mìíràn la máa ń gbọ́ ọ sí, n kò rí i rí ní gbogbo ọdún tí mo ti fi ń rìn ní àwọn agboolé yìí. Ohun tí mo rò lọ́jọ́ náà ni pé eku àti gàrí yìí ni ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á rí i.

Nígbà tá a jáde, mo bi í pé kí ló rí. Ó ka egbò fún mi, bó ṣe jìn tó, bí etí rẹ̀ ṣe rí, bàtà tí Ìyá ń wọ̀ tó há mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa.

"Kí ló kù?"

Ó ronú. "Kò sí mọ́, mà."

"Ó kù. Nǹkan kan wà nínú ilé yẹn tó burú ju egbò lọ, o kò rí i. Tá a bá padà débẹ̀ ní Ìṣẹ́gun, kó o wá a."

Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sọ fún òun. Mo ní rárá. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ní Ìṣẹ́gun náà, eruku ọyẹ́ bo ìlú débi pé tí èèyàn bá gbójú sókè láti Ọjà'ba, òjìji gbọ̀ngàn Màpó nìkan ló máa rí. Ètè gbogbo èèyàn ti bó. Bá a ṣe ń sún mọ́ ilé náà ni mo kíyè sí i pé n kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Aládùúgbò kan ní aránfìlà lọ ra aṣọ ní Òjé, pé ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, kò sì lè lọ sọ́jà.

A wọlé. Mo dúró kí Ìyá, mo ń béèrè bí wọ́n ṣe sùn. Ìgbà yẹn la gbọ́ tí ẹnì kan ń bì ní yàrá kejì, èébì tí ń fa inú ya. Kí n tó parí ìkíni, akẹ́kọ̀ọ́ mi ti gbé báàgì sílẹ̀, ó ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbára lé mi."

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó ti kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó gbé orí obìnrin náà lé apá òsì rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nu ẹnu rẹ̀. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Èébì wà lápá rẹ̀ títí dé ìgúnpá. N kò tètè dá obìnrin náà mọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ata. Itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ nítorí kò lè gbé e mì. Bó ṣe la ẹnu láti kí mi, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó tò sí ìdí eyín rẹ̀.

 Ìwé ara ògiri ọ́fíìsì wá sí mi lójú, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pátá.

Mo ní, "Dìde kúrò níbẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi yíjú wò mí. "Mà?"

"Mo ní kó o dìde! Rọra gbé orí wọn lélẹ̀. Má fọwọ́ kan ojú rẹ. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

N kò pariwo rí nínú ilé aláìsàn. Ìyá ń béèrè láti yàrá kìíní pé kí ló dé, kí ló ṣẹlẹ̀. Mo fa akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sẹ́yìnkùlé, mo da omi sí i lápá, mo ní kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ní kó tún un fọ̀. Mo da omi apakòkòrò inú báàgì wa sí i. Ọgbẹ́ tín-ín-rín kan wà ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ibi tí ọyẹ́ ti la awọ ara rẹ̀. Àwa méjèèjì wò ó.

Nígbà tá a ń padà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró. Gàrí náà ṣì wà nílẹ̀. Ó wo etí nylon, ó wo ihò ìdí ògiri, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mà, ṣé èyí lẹ ní kí n máa wá?"

Mo yọ fóònù jáde nínú báàgì.

Mo pe àwọn tó ń mójú tó àjàkálẹ̀ àrùn níjọba ìbílẹ̀, mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀wọ́ méjì méjì lọ́wọ́, mo fi aṣọ bo imú. Mo ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ síwájú ilé. Kò pẹ́ tí aránfìlà fi dé, àpò aṣọ lórí, ó ti gbọ́ lójú ọ̀nà pé àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ gbé ìyàwó òun lọ.

"Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni," ló ń wí. "Wọ́n ti fa dírípù méjì sí i lára. Ó fúyẹ́ lánàá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé."

"Ìyàwó mi ni! Ẹ ní kí n má wọ yàrá mi?"

"Ó lè jẹ́ ibà Lásà. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá ṣìṣe, màá wá kúnlẹ̀ fún yín níwájú gbogbo agboolé."

Ó wò mí títí. Ó wá sọ̀rọ̀ kọjá èjìká mi sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ká máa lọ?" Obìnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Aránfìlà wá ní ká lọ.

Áńbúláǹsì kò lè dé iwájú ilé. Orí títì ni wọ́n gbé e sí, àwọn mẹ́ta sì fẹsẹ̀ rìn wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun tó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ojú wọn nìkan là ń rí lẹ́yìn gíláàsì. Gbogbo ọ̀nà dákẹ́. Àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà dìde, wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá, kò sí ẹni tó kí wa. Mo gbọ́ tí fèrèsé ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi dé orí títì.

Ọjọ́ kẹta ló kú. Ọjọ́ náà ni èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé, ibà Lásà ni lóòótọ́. Àwọn tó wọ aṣọ funfun yẹn ló sin ín. Wọn kò jẹ́ kí àwọn obìnrin ẹbí wẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ní kí aránfìlà dúró sí láti kírun sí i lára.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹni tó bá fọwọ́ kan irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò padà sílé. Ó ní òun ò lè fi ọmọ òun wéwu. Yàrá tó wà lópin họ́stẹ́ẹ̀lì la fún un, òun nìkan. Ìyá rẹ̀ wá gbé ọmọ lọ, wọ́n já a lẹ́nu ọmú lójijì. Ó máa ń rí ọmọ náà lórí fóònù lọ́sàn-án, ọmọ á máa fọwọ́ gbá fóònù, á máa ké. Ọmú ń dun òun fúnra rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó di aṣọ mọ́ àyà.

Èmi ni mò ń wọn ìgbóná ara rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo lè rán ẹlòmíràn, n kò rán ẹnikẹ́ni. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá na tẹmómítà sí i, á fi sí abíyá, a ó máa wo ara wa títí á fi dún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń bi mí pé mélòó ni. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Ojú mi ló máa ń wò. Mo wá mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ ojú mi, kí n má fajú ro, kí n má sì rẹ́rìn-ín jù.

Ọjọ́ karùn-ún kọjá. Ọjọ́ kẹjọ kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù kò gba ìsàlẹ̀ fèrèsé rẹ̀ kọjá mọ́, wọ́n ń gba ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ẹnì kan gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí àkàsọ̀, ó sá lọ. N kò bá a wí. Èmi náà, tí mo bá dé ilé, màá dúró sójú omi, màá máa fọ ọwọ́ títí ọkọ mi á fi wá pa ẹ̀rọ omi.

Ní Ìsàlẹ̀ Òsì, wọ́n ti ń sọ pé àwa la gbé àìsàn náà wọ agboolé. Wọ́n ní egbò ẹsẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ kí a tó dé. Mo lọ fúnra mi láti wẹ egbò Ìyá, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tú u. Wọn kò ṣílẹ̀kùn. Mo kan án lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ ohùn Ìyá láti inú ilé.

"Ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti ṣe é tó."

Mo gbé ìdì òwú àti báńdéèjì sẹ́nu ọ̀nà, mo sì lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọwọ́ kan tó fi igi ti ìdì náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kọkànlá, láàárọ̀, mo na tẹmómítà sí i bí ìṣe mi. Kó tó gbà á, ó ní, "Ọ̀fun ti ń dùn mí látàná, mà. Mi ò fẹ́ sọ fún yín."

Ó fi tẹmómítà sí abíyá. Ó dún. Ó yọ ọ́, ó wò ó fúnra rẹ̀, ó wá kọ ojú rẹ̀ sí mi kí n lè rí i láti ibi tí mo dúró sí. Ó ti kọjá méjìdínlógójì.

Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kékeré kan. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má gbé ọmọ wá. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má gbé e wá."

Ibi tí wọ́n ti ń ya àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Wọn kò jẹ́ kí n kọjá géètì. Àràárọ̀ ni mo ń lọ dúró síbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan á jáde, á dúró sọ́nà jíjìn, á sọ fún mi bó ṣe rí. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní ojú rẹ̀ ti wú. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ní kò dá èèyàn mọ̀ mọ́, pé ó kàn ń pe ọmọ ni. Mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo ń ronú ohun tí màá sọ fún ìyá rẹ̀.  Mo sì mọ̀ pé tó bá kú, n kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo rí eku yẹn ní Ọjọ́bọ̀, pé mo rẹ́rìn-ín.

Kò kú. Wọ́n ti tètè fún un lóògùn nítorí a ti mọ ohun tí à ń wá. Lọ́jọ́ kẹjọ, ibà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde. Nígbà tí mo lọ kí i nílé ìyá rẹ̀, ó ti rù hangogo, irun rẹ̀ ti re. Ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń sá sẹ́yìn ìyá àgbà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹnu mi.

"Ẹ gbóhùn sókè, mà. Etí òsì ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀tún ló ń gbọ́ díẹ̀."

Àìsàn yẹn máa ń mú etí lọ báyìí. Mo kà á nínú ìwé, mo sì ti kọ́ àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Mo wá ní láti pariwo ohun tí mo wá sọ, ìyá rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ nílé ìdáná. Mo ní, "Mo rí eku yẹn ní Ọjọ́bọ̀. Mo rí ìgbẹ́ rẹ̀ lórí gàrí. Mo mọ̀ pé ara obìnrin náà ń gbóná. N kò sọ fún ọ nítorí mo fẹ́ fi dán ọ wò. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Ọjọ́ tí mo rí gàrí yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ ti rí i." Ó fọwọ́ pa etí òsì rẹ̀. "Mo ti ro ó lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá tiẹ̀ ti sọ fún mi, obìnrin yẹn ń bì. Mi ò mọ̀ bóyá màá dúró wọ ìbọ̀wọ́."

N kò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí. Kò sọ ọ́, n kò sì tún béèrè.

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ó kọ ìjábọ̀ rẹ̀ lórí ilé Ìsàlẹ̀ Òsì gẹ́lẹ́. Ojú ìwé kìíní, gàrí àti eku ló kọ́kọ́ dárúkọ, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùkọ́ òun ti rí wọn lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ débẹ̀, kò sì sọ. Mo kà á tán, mo buwọ́ lù ú, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá mi. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè mọ̀ ṣáájú, pé kí n má gbé e sọ́kàn. Wọ́n fi fáìlì náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ni akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ti mọ̀ pé apá ọ̀tún ni kí àwọn máa dúró sí tí àwọn bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Èmi ṣì ń kọ́ wọn. Ohun tí mo bá rí nínú ilé, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń sọ ọ́, níṣojú onílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní mo ń sọ̀rọ̀ jù, pé n kì í jẹ́ kí àwọn fúnra wọn ronú. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aránfìlà wá bá mi lọ́fíìsì. Òun nìkan ló wá. Mo fún un ní àga, ó jókòó sí etí rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ wà dáadáa, kò sí èyí tó ṣàìsàn nínú wọn. Ó ní ẹsẹ̀ Ìyá ti ń rùn. Mo rò pé ohun tó torí rẹ̀ wá nìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé tí màá fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Màtúrọ́ọ̀nù, ẹ sọ òótọ́ fún mi nítorí Ọlọ́run. Àlàmísì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá yẹn, ṣé ẹ ti rí nǹkan kan?"

Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo lè ní rárá. Kò sí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rí i," ni mo wí. "Mo rí eku létí gàrí yín. Mo mọ̀ pé orí ń fọ́ ìyàwó yín. N kò rò pé ohun tó jẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo rí i, n kò sì sọ."

"Bí ẹ bá ti sọ ńkọ́?"

"N kò mọ̀. Àwọn tó bá tètè dé ọsibítù, ọ̀pọ̀ wọn ló ń yè."

Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Òjò ń lu páànù, n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohun tó tún sọ. "Ó ń rìn káàkiri ilé ní Àlàmísì. Ó se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. A jọ jẹun ni."

Ó dìde. Ó fi fìlà sórí, ó tún un ṣe lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sáláṣí, ó jáde sínú òjò. N kò lè ní kó dúró kí òjò dá.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì máa wá wẹ egbò Ìyá, ṣùgbọ́n kí n má tẹ̀ lé wọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá lọ síbẹ̀ báyìí, orí títì ni mò ń dúró dè wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ìkòkò. Ó ti mọ̀ mí, ó máa ń gbé àpótí fún mi. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí èmi kì í bá wọn wọlé. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun náà ní gàrí sísá nílé, ó sì tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.